Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Júù Ìlú Omaha Ṣe Dá Ẹgbẹ́ Tó Kárí Ayé Sílẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọkùnrin Júù máa ń jẹ́ tó fi ń ṣe bar mitzvah. Láti ìgbà náà, òfin ẹ̀sìn ti kà á sí ẹni tí yóò máa dáhùn fún ìwà ara rẹ̀. Yóò ka Tórà, ìyẹn ìwé òfin Mósè, níwájú ìjọ, ẹbí yóò se àsè, ẹ̀bùn yóò sì wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Júù ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn máa ń parí sí. Bí ayẹyẹ bá ti kọjá, wọn kì í fẹ́ yọjú sí sínágọ́gù mọ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọ àwọn àgbà wọn lóminú.

Ọ̀nà kan tí wọ́n fi kojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ní àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì jẹ́ orúkọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba ọmọ Júù wọlé. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Júù kan ní Omaha kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Sam Beber, ọ̀dọ́ lọ́yà kan níbẹ̀, rí i pé ohun tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe lè tayọ ìlú kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1924, wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí yóò máa ní ẹ̀ka káàkiri, orúkọ rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà Hébérù dá, sì ni Aleph Zadik Aleph, tí wọ́n ń pè ní AZA.

Oṣù yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pa mọ́ àwọn Júù tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Àwọn tó ti wọlé kò lè gbẹ́kẹ̀ lé àlejò tuntun mọ́ pé yóò máa gbé àṣà wá. Àwọn ọmọ tó wà nílé ni yóò gbé e dúró.

Ní 1925, B'nai B'rith, ẹgbẹ́ àwọn àgbà Júù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1843, gba AZA mọ́ra. Àwọn ọmọbìnrin náà kò jókòó lásán. Ẹ̀ka tiwọn ti ń hù káàkiri kí B'nai B'rith tó fìdí ẹgbẹ́ wọn, BBG, múlẹ̀ ní 1944, Anita Perlman sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ṣe wàhálà rẹ̀. Ẹgbẹ́ tọkùnrin tobìnrin wá para pọ̀ di BBYO, tó kúrò lábẹ́ B'nai B'rith láti dá dúró fúnra rẹ̀ ní 2002.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń dìbò yan ààrẹ, akọ̀wé àti akápò. Àwọn ló ń darí ìpàdé, tí wọ́n ń ṣètò ìsìn ọjọ́ Sábáàtì, ìdíje eré ìdárayá àti iṣẹ́ àánú láàárín ìlú. Àgbàlagbà olùdámọ̀ràn wà nítòsí, àmọ́ kì í gba ìpàdé mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí Yorùbá ṣe ń wí, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá sí ìsìn ti ní ìdí tí òun náà kò fi ní pa á jẹ.

Àpẹẹrẹ ọmọ ẹgbẹ́ tó dàgbà di aṣáájú ni Philip Klutznick, tó wọ AZA ní kékeré ní Kansas City, tó sì di ààrẹ B'nai B'rith ní 1953. Nígbà tó yá, ó di mínísítà ètò ìṣòwò lábẹ́ Ààrẹ Jimmy Carter.

Àwọn ìjọ Júù pẹ̀lú dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tiwọn sílẹ̀: NFTY ní 1939, USY ní 1951. Àgọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì gbilẹ̀. Ní 1947, wọ́n ṣí Camp Ramah àkọ́kọ́ ní Conover, ìpínlẹ̀ Wisconsin, kí àwọn ọmọ lè máa gbé inú èdè Hébérù: nínú eré, nídìí oúnjẹ, nínú orin. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti ń wọ̀, gbogbo àgọ́ á gba Sábáàtì wọlé pẹ̀lú orin. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì nílé á wá di ìgbé ayé.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ètò wọ̀nyí ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó àgọ́ wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwùjọ Júù fi ń dá owó ìrànwọ́ jọ fún àwọn òbí tí apá wọn kò ká a.

Ẹ̀yin òbí àti olórí ìjọ, pàápàá ẹ̀yin Yorùbá tó ń tọ́mọ ní London àti Houston, ìwàásù nìkan kò lè mú ọ̀dọ́ dúró. Ẹ fún wọn níṣẹ́ gidi, ẹ fún wọn lówó tí wọn yóò fi ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jíyìn rẹ̀ fún ara wọn.