Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ ká sáré sí: Ọgbọ́n tó ń mú kí ilé ìlú parí lásìkò

Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, kì í ṣe gbogbo ilé inú ọgbà náà ló ti parí. Ọdún 1961 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá yunifásítì náà sílẹ̀. Wọn kò ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa retí ìgbà tí wọn yóò kọ́lé tán ní Ifẹ̀. Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1962. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà tuntun náà.

Lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Oluwasanmi ni wọ́n kó dé. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sùn ló ní láti ṣíwájú. Gbọ̀ngàn Odùduwà, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, di àwọn ọdún 1970 kó tó dúró. Bí wọ́n bá ti ní àfi kí gbọ̀ngàn yẹn parí kí àwọn tó kó, wọn ì bá pẹ́ sí i ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1987 ni wọ́n sọ yunifásítì náà ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìjọ àti ìdílé. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn ará abúlé dáwó kọ́ ni òjò ń bá láìlórùlé. Owó lè wà, òṣìṣẹ́ lè wà, àmọ́ kó jẹ́ ibi tí kò yẹ ni wọ́n sáré sí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Abúlé kan fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé méjì. Bulọ́ọ̀kù mímọ àti gbígbẹ rẹ̀ gba ọjọ́ 14. Ilẹ̀ gbígbẹ́ àti dída kọnkéré ìpìlẹ̀ gba ọjọ́ 10. Ògiri gba ọjọ́ 15, òrùlé gba 8, rírẹ́ ògiri àti gbígbé ilẹ̀kùn sí i gba 9, ọ̀dà kíkùn gba 4. Ọjọ́ 20 ni káfíńtà fi ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kànga gbígbẹ́ sì gba 12.

Bulọ́ọ̀kù, ìpìlẹ̀, ilẹ̀kùn àti kànga lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ ògiri kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìpìlẹ̀ àti bulọ́ọ̀kù. Ẹ wá ro ó pọ̀: bulọ́ọ̀kù, ògiri, òrùlé, rírẹ́ àti ọ̀dà jẹ́ ọjọ́ 50. Bó bá jẹ́ láti orí ìpìlẹ̀ la ti kà á, ọjọ́ 46 ni. Ti káfíńtà kò ju 33 lọ.

Èyí tó gùn jù ló ń dá ọjọ́ tí ilé yóò parí. Bí ẹ bá kó ogún ọ̀dọ́mọkùnrin jọ kí ìpìlẹ̀ lè parí ní ọjọ́ 6, ọjọ́ 50 náà ni ilé yóò gbà, nítorí bulọ́ọ̀kù kò tíì gbẹ. Bí bulọ́ọ̀kù bá pẹ́ ní ọjọ́ kan péré, gbogbo ilé ti pẹ́ ní ọjọ́ kan nìyẹn. Káfíńtà ní ọjọ́ 17 tó lè fi ṣeré, kànga sì ní 38.

Lọ́dún 1957, ní Amẹ́ríkà, James Kelley ti ilé-iṣẹ́ Remington Rand àti Morgan Walker ti ilé-iṣẹ́ DuPont sọ ọgbọ́n yìí di ìṣirò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Critical path ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1958, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà náà ṣe irú rẹ̀ fún ohun ìjà Polaris. Àmọ́ bébà àti bírò tó fún ilé ìwé abúlé.

Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ bi bíríkìlà àti káfíńtà léèrè ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, àti iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ro ọjọ́ wọn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi ìlà sábẹ́ èyí tó gùn jù. Ibẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ lọ. Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ máa tún un rò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ìlà náà a máa sípò. Bí káfíńtà bá fi ọjọ́ 20 ṣeré dípò 17, òun ló kù tí gbogbo ìlú ń dúró dè.