ÀRÒKỌ AJẸMỌ́-ÌṢÍPAYÁ: Bí A Ti Í Dá Ẹnìkejì Ẹni Lóhùn Nínú Eré Bríìjì

Ìwọ olùdánwò, iṣẹ́ rẹ nínú àròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá ni láti la ohun tí ó díjú yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, to ìgbésẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ léra, kí o sì sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀. Ka àpẹẹrẹ yìí dáadáa.

Bríìjì jẹ́ eré káàdì tí ènìyàn mẹ́rin ń ṣe. Àwọn méjì tí wọ́n kọjú síra wọn ni ẹgbẹ́ kan. Káàdì 52 ni a ń pín, 13 sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà káàdì mẹ́rin ni ó wà: sípéèdì, háàtì, dáyámọ́ńdì àti kílọ́ọ̀bù. Kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì sílẹ̀, a ó kọ́kọ́ pe iye ìkó tí ẹgbẹ́ wa lè kó, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ti í fi owó lé owó ní gbàǹjo. Ẹni tí ó pe 1 ṣèlérí ìkó 7; ẹni tí ó pe 3 ṣèlérí ìkó 9. Bí ó bá fi nó-trómpù kún un, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yà kankan kò ní jọba lórí èkejì. Ìpè yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ lè bá ara yín sọ. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú síra yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ wúkọ́ àwúmọ̀ọ́mọ̀.

A máa ń fi máàkì díwọ̀n agbára ọwọ́ wa: éèsì ní 4, kíìnì 3, kuíìnì 2, jáàkì 1. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40.

Jẹ́ kí a sọ pé alátakò ti kọ́kọ́ pe 1 háàtì, tí ẹnìkejì rẹ sì pe 1 nó-trómpù lé e. Ohun mẹ́ta ni ó sọ fún ọ. Èkíní, ó ní máàkì 15 sí 18. Èkejì, káàdì rẹ̀ pín déédéé ká ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀kẹta, ó ní káàdì ńlá nínú háàtì tí yóò fi dá àwọn alátakò dúró. Bí alátakò kejì kò bá pe nǹkan kan, ó kàn ọ́.

Ṣírò kí o tó fọhùn. Ìkó 9 nínú nó-trómpù sábà máa ń gba nǹkan bí máàkì 25 láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Nítorí náà, bí tìrẹ kò bá ju 7 lọ, dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ní sípéèdì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o lè sá lọ sí 2 sípéèdì, kí ẹnìkejì rẹ sì dúró níbẹ̀. Bí o bá ní 8 tàbí 9, pe 2 nó-trómpù. Bí ó bá ní 17 tàbí 18, yóò gòkè lọ sí 3. Bí o bá ní 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pe 3 nó-trómpù fúnra rẹ.

Ṣùgbọ́n bí o bá ní sípéèdì mẹ́rin ńkọ́? Pe 2 kílọ́ọ̀bù. Ìbéèrè ni èyí, tí a fi orúkọ Samuel Stayman pè, ẹni tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1945. Ká ní o ní kíìnì, jáàkì, 7 àti 4 sípéèdì. 6 àti 3 háàtì. Éèsì, 8, 5 àti 2 dáyámọ́ńdì. Pẹ̀lú kuíìnì, 9 àti 4 kílọ́ọ̀bù. Máàkì rẹ jẹ́ 10. Bí ó bá dáhùn pé 2 sípéèdì, pe 4 sípéèdì. Bí ó bá dáhùn ohun mìíràn, pe 3 nó-trómpù.

Wo àǹfààní kan níhìn-ín. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè sábà máa ń ní tó máàkì 12. Fi 15 ti ẹnìkejì rẹ àti 10 tìrẹ kún un, ó di 37. Kò ju 3 lọ tí ó lè wà lọ́wọ́ ẹni kẹrin. Ẹnìkejì rẹ yóò ti mọ ọwọ́ ẹni tí káàdì ńlá tí ó kù wà.

Àwọn mìíràn ní ìlànà tí ó yàtọ̀ díẹ̀: 2 háàtì ni wọ́n ń pè láti fi hàn pé àwọn ní sípéèdì márùn-ún. Ẹ fẹnu kò sórí èyí kí ẹ tó jókòó.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí. Ọ̀gá mi kan pe 1 nó-trómpù. Máàkì 6 péré ni mo ní, ṣùgbọ́n mo fi ìtara pe 3. Ìkó 6 ni a rí kó. Bàbá náà wò mí, wọ́n ní, “Ṣé èmi ni o ń dá lóhùn ni, àbí ìfẹ́ ọkàn rẹ?” Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọhùn láìṣírò. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

ÀKÍYÈSÍ: Bí mo ti ní kí o gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ sọ kí o tó fèsì, bẹ́ẹ̀ ni kí o ka ìbéèrè ìdánwò. Ọ̀pọ̀ olùdánwò ni ó ń dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fẹ́, wọn kì í dáhùn èyí tí a bi wọ́n.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ṣàlàyé bí a ti í ta ayò ọlọ́pọ́n fún ẹni tí kò rí i rí.