Bí Ẹ̀kọ́ Ṣe Ń Dúró Nínú Ọpọlọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbàgbé òru tí a fi àtùpà kàwé mọ́jú nítorí ìdánwò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí a kà ti fò lọ. Kí ló fà á?

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ ènìyàn tó bílíọ̀nù 86. Ẹ̀yà kékeré kan tí à ń pè ní hippocampus, tó wà ní ìhà méjèèjì orí, ní ọ̀gangan etí, ni ó ń so ohun titun tí a rí àti èyí tí a gbọ́ pọ̀. Bí a bá ń padà sí ẹ̀kọ́ náà, tí a sì ń sùn dáadáa, àsopọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà a máa lágbára sí i. Bí a bá pa á tì, yóò tú.

Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì, fi ìdánwò tó ṣe lórí ara rẹ̀ hàn pé kíkà nígbà 38, tí a pín sí ọjọ́ mẹ́ta, ṣàǹfààní tó kíkà nígbà 68 ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Irú ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn aláró Òṣogbo. Wọn a ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró, wọn a yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọn a sì tún rì í, títí yóò fi dúdú. Àkókò tí aṣọ fi wà níta jẹ́ ara iṣẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń mú àwọ̀ aró jáde. Bẹ́ẹ̀ ni oorun rí fún ọpọlọ.

Ẹ̀kọ́ titun a sì tún máa wá ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ láti rọ̀ mọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi èdè ilé, ìbáà ṣe Ìjẹ̀ṣà, ṣàlàyé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún yín lónìí. Ẹ tún bi í léèrè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sì jẹ́ kí ó sùn. Ìwé Deuteronomi ti pa á láṣẹ fún òbí pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ nínú ilé àti lójú ọ̀nà, lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a ń padà sí ni ẹ̀kọ́ tí ń bá ọmọ dàgbà.