Ìfúnpá Kì í Ṣe Ìfàle: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìṣirò Àọ́tà Tó Ń Fẹ̀

Nínú gbogbo iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, àọ́tà ni olórí. Láti inú ọkàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àyà kọjá wọ inú ikùn, níbi tí ó ti pín sí méjì fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Lára àgbàlagbà, ìbú rẹ̀ nínú ikùn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ibì kan lára rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, àwọn dókítà a ní àrùn ti dé. Ó lè máa fẹ̀ sí i títí yóò fi bẹ́, ẹni tí ó bá sì bẹ́ mọ́ nínú kì í sábà rù ú là. Àrùn yìí ni ó pa Albert Einstein ní 1955.

Orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún un kò ní ìtumọ̀ méjì ju fífẹ̀ lọ. Lẹ́nu Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń sáré jáde ni gẹ̀gẹ̀, nítorí pé ó jọ ti tíúbù tí ó yọ bọ̀ǹbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí àwọn tó ń lẹ táyà ní Challenge mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ ti jẹ́ orúkọ àrùn ọrùn. Kókó pẹ̀lú kò yẹ, nítorí pé kókó a máa le nínú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú èyí. Ìfẹ̀-iṣan ni ó sàn jù lọ.

Orúkọ àrùn kọ́ ni ìṣòro ńlá, bí kò ṣe orúkọ ohun tí ń mú kí ògiri iṣan bẹ́. “Stress” ni Gẹ̀ẹ́sì pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn ènìyàn ń lò fún ìdààmú ọkàn. Ògbufọ̀ tí kò bá fura yóò kọ másùnmáwo sílẹ̀, ògiri iṣan yóò sì di ẹni tí kò rí oorun sùn. Èyí ṣì ń pani lẹ́rìn-ín. Èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín ni ìfúnpá. Ìgbànú tí dókítà ń so mọ́ apá ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti fìdí múlẹ̀ fún agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn tí àwọn àgbà ń so mọ́ apá ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ fún. Bí dókítà ní ilé-ìwòsàn UCH, tí ó ti wà nítòsí Mọ́kọ́lá láti 1957, bá sọ fún bàbá kan láti Agbowó pé “stress” ara ògiri àọ́tà rẹ̀ ti pọ̀ jù, tí ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ pé, “Bàbá, wọ́n ní ìfúnpá yín ti ga,” bàbá yóò béèrè hóró oògùn, yóò sì gbà pé iṣẹ́ abẹ kò kàn òun.

Gángan lè la ọ̀rọ̀ náà yé ni. Nígbà tí onílù bá fi apá fún ọṣán, awọ ojú ìlù a le. Fífún jẹ́ ti apá. Líle jẹ́ ti awọ, inú awọ náà ni ó sì wà. Àfiwé yìí kò pé, nítorí ọṣán ni ó ń fa awọ ìlù, ẹ̀jẹ̀ sì ni ó ń ti ògiri iṣan láti inú. Síbẹ̀ ó tó láti fi ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìfàle ni a lè pe èyí tí ògiri ń fara dà: ohun tí a fà títí ó fi le.

Òfin tí ń jẹ́ orúkọ Laplace, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. A ó fi ìdajì ìbú iṣan sọ ìfúnpá di púpọ̀, a ó sì fi nínípọn ògiri pín in. Ká mú ìfúnpá 120 tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tí í ṣe kilopascal 16. Nínú àọ́tà oníbùú sẹ̀ǹtímítà 2, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2, ìfàle jẹ́ kilopascal 80. Bí ìbú bá di sẹ̀ǹtímítà 5.5, tí ògiri sì fẹ́lẹ́ di mìlímítà 1.5, ìfàle di nǹkan bíi 293. Ìfúnpá kò yí padà rárá, ìfàle sì ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n àọ́tà tó ń ṣàìsàn kì í rí roboto bí páìpù. Ó wọ́, ó tẹ̀, ó tún yọ síta níhìn-ín ju tọ̀hún lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbé e fún ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn: ní 1963 ni IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 gbájú mọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ẹni tó fẹ́ sọ ti ẹ̀rọ ní láti wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láti inú àwòrán X-ray tí a yà ní ìpele-ìpele ni ẹ̀rọ ti ń kó àwòrán àọ́tà náà jọ. Yóò da àwọ̀n bò ó, yóò gé ògiri náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wẹ́wẹ́, yóò sì ṣírò ìfàle ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ray Clough ni ó sọ ọ̀nà yìí lórúkọ ní 1960. A kò lè pe wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ní èròjà, nítorí ti kẹ́mísírì ni ìyẹn. Ègé oníye ni ó dára: ègé tó ní iye, tó ṣe é kà. Kí atẹ̀wé má ṣe fi àmì ohùn ṣeré o. Bí oníye bá di oníyè, ègé tó ní iyè nínú, tí kì í gbàgbé, ni a ń sọ.

Ìwúlò rẹ̀ kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Láti ìgbà tí àbájáde ìwádìí ńlá kan ní Bìrìtéènì ti jáde ní 1998 ni sẹ̀ǹtímítà 5.5 ti di ààlà tí a ń wò kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀ àwọn kan ń bẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àwọn mìíràn sì kọjá rẹ̀ láìbẹ́. Ní 2002 àti 2003, Mark Fillinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìfàle tó ga jù lọ lára ògiri ń sọ èyí tí yóò bẹ́ ju bí ìbú ti ń sọ ọ́ lọ.

Ó ku okun. Iṣan kì í bẹ́ àfi bí ìfàle bá ju okun ògiri lọ níbì kan. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ agbára síbẹ̀, gbólóhùn náà yóò dàrú, nítorí agbára náà ni a fi ń túmọ̀ ohun tí ń ti ògiri. Okun jẹ́ ti ohun tí ń fara dà á. Ẹ̀rọ kò sì lè wọn okun bàbá tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, nítorí kò sí ẹni tí yóò gé lára àọ́tà rẹ̀ lọ dán wò. Okun tí a rí lára iṣan àwọn ẹlòmíràn ni a fi ń ṣírò tirẹ̀.