Ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ní Ìjerò, Aramọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n: ta ni yóò bá a rìn?

Gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ pé haraamu ni ọtí. Ẹni tí paraga tàbí ògógóró ti di bárakú fún náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alábàárìn ló ń wá. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ojú ti mọ ojú, ìtìjú kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ẹ kíyè sí èyí ná: ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó tilẹ̀ lè kú. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, nítòsí Ìjerò. Ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó. Ẹ bèèrè ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Lílọ síbẹ̀ kò sọni di wèrè.

Lẹ́yìn ìtọ́jú ni ẹgbẹ́ kàn. Ní ọdún 1935, àwọn méjì tí ọtí ti bá jà, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní Akron, Amẹ́ríkà. Wọn kì í gba owó, wọn kì í tú àṣírí. Kó ṣáà ti wù ọ́ láti ṣíwọ́. Wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n wọn kò so mọ́ ẹ̀sìn kankan. Ẹgbẹ́ náà wà ní Nàìjíríà, ìpàdé sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí kò bá sí ìpàdé nítòsí yín, èèyàn méjì péré lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ yá wọn ní yàrá, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe wáàsí. Díẹ̀díẹ̀ ni Ọlọ́hun sọ òfin ọtí kalẹ̀ títí ó fi dé Suuratul Máídà. Kí àwa náà ní sùúrù fún ẹni tó ń gbìyànjú.