Ìgbéyàwó Ṣọ́ọ̀ṣì: Ẹ Má Fi Ojú Owó Ra Aṣọ Ẹbí

Bí wọ́n bá ti ta kòkó tán ní agbègbè Ìjù àti Àkúrẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó a máa rọ̀ bí òjò, ìwé ẹ̀yáwó náà a sì kún orí tábìlì akọ̀wé wa. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọmọ rẹ̀ lẹ́yẹ o.

Lẹ́yìn ìdáná, ọ̀dọ̀ àlùfáà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ aláṣọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà kì í so ọkọ pọ̀ mọ́ ìyàwó nínú Lẹ́ńtì, ọjọ́ Ìsinmi 3 ni wọ́n sì fi ń kéde orúkọ wọn. Ti ìjọba tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ́jísírà, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 21 kó tó fún yín ní ìwé àṣẹ. Bí oṣù 3 bá sì kọjá láìṣe ìgbéyàwó, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Òfin ní kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí 2 ó kéré tán wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ láàárín aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ máa ń pẹ́ níwájú dígí, ẹ gbọ́ o!

Aṣọ ẹbí ló ń dà wá láàmú jù. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa gba aṣọ àwìn ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ó pín in fún mọ̀lẹ́bí. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jó, wọ́n jẹ iyán yó. Ìdajì wọn kò san kọ́bọ̀. Ojú owó epo tó ń tà ló fi san gbèsè náà. Oṣù 5 ni ìsọ̀ rẹ̀ fi wà ní títì, àwọn onídùúró rẹ̀ ló sì ń bá a san owó ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí owó wọlé kí ẹ tó gé aṣọ. Ẹni tí kò bá san, kó wọ èyí tó wà nílé.

Ìwé ìpè nìkan kò tó fún àgbà. Ẹ lọ kí wọn nílé, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi dìde kọrin. Ní ti owó níná, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Inú àpòòwé ni kí ẹ fi í sí.

Ẹni tó bá fẹ́ yáwó fún ìgbéyàwó ọmọ, kó wá bá akọ̀wé ṣírò èrè ọjà rẹ̀ kó tó lọ mú ọjọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.