Ṣé kápúsù stem cell lè wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sàn?

Àhesọ: Kápúsù stem cell tí wọ́n fi èso ṣe máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde di ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Àbájáde ìwádìí: Irọ́ ni.

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn Yorùbá nílùú Niamey, yálà ní Gamkalley létí Odò Ọya lẹ ń gbé tàbí ní àdúgbò mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú ìpolówó yìí. Ó ń tètè wọ ènìyàn létí nítorí pé stem cell wà lóòótọ́, àwọn dókítà sì ń lò ó.

Kí ni stem cell?

Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì ní iṣẹ́ kan pàtó ni. Àwọn tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun yín lè di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, funfun tó ń bá àrùn jà, tàbí èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́.

Ta ló ń sọ ohun tí wọn yóò dà fún wọn?

Ara fúnra rẹ̀ ni, nípasẹ̀ àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní growth factor. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn, erythropoietin. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá dínkù, kíndìnrín yín á tú u jáde. Tó bá dé mùdùnmúdùn eegun, á so mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní àyè fún un nìkan, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò dàgbà di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa.

Kí ló dé tí kápúsù kò fi lè ṣe é?

Àkọ́kọ́, bí ẹ bá gbé purotéènì mì, ikùn yóò dà á bó ṣe ń da ẹyin àti ẹran. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ ní erythropoietin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1989. Stem cell èso pẹ̀lú, oúnjẹ lásán ni nínú ikùn.

Ìkejì, growth factor ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò dà. Kì í tún àbùkù inú rẹ̀ ṣe. Inú jíìnì tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni àbùkù fòníkú-fọ̀ladìde wà. Bó ti wù kí àṣẹ pọ̀ tó, stem cell tó ní jíìnì yìí yóò ṣì máa mú sẹ́ẹ̀lì tó ń tẹ̀ bíi dòjé jáde.

Èwo wá ni òótọ́?

Pípààrọ̀ stem cell náà ni. University of Benin Teaching Hospital ṣe é fún ọmọ kan tó ní àrùn yìí lọ́dún 2011, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn àtijọ́, kí wọ́n tó fa stem cell ẹni tó bá aláìsàn mu sí i lára. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ó wọ́n, ó sì léwu. Ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?

Owó nìkan kọ́ ni irọ́ yìí lè gbà lọ́wọ́ òbí. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè dá folic acid tàbí hydroxyurea ọmọ rẹ̀ dúró. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìbi dókítà. Ní Niamey, Centre National de Référence de la Drépanocytose wà fún àrùn yìí.

Bó bá jẹ́ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ló fi ìpolówó náà ránṣẹ́, ẹ má bú wọn. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ẹ fi àlàyé yìí ránṣẹ́ sí wọn.